Owó Bàbà Nínú Jọ́ọ̀gì Alága

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wọ̀n oyè sọ́rùn lọ ra búrẹ́dì, ẹ má wulẹ̀ bi í pé ta ni. Halvdan Brekkvoll ni, alága ìjọba ìbílẹ̀ Gråvassdal, àfonífojì kan láàárín àwọn òkè Trøndelag, níbi tí èèyàn ò ti tó ẹgbẹ̀rún méjì, tí màlúù sì pọ̀ ju èèyàn lọ. Àwọn alága yòókù ní Norway, inú àpótí ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀wọ̀n tiwọn sí, ó di ọjọ́ àjọ̀dún orílẹ̀-èdè nínú oṣù karùn-ún kí wọ́n tó gbé e jáde. Ti Halvdan yàtọ̀. Ó ń wọ̀ ọ́ gé koríko iwájú ilé, ó ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín, wọ́n sì ní ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà láti máa bọ́ ọ bó bá fẹ́ sùn. Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ohun tí wọ́n sọ ni mo ń sọ.

Halvdan kì í sọ̀rọ̀, àsọyé ló máa ń ṣe. Ẹ kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́, á fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n, á ní: "Ẹ̀yin èèyàn mi, àárọ̀ yìí, gẹ́gẹ́ bí èmi fúnra mi ti yẹ̀ ẹ́ wò, àárọ̀ dáadáa ni. Ìjọba mi ò sì ní sinmi títí àárọ̀ ọ̀la náà á fi dára bẹ́ẹ̀." Akọ̀wé àgbà rẹ̀, Oddvar Lillegård, tó ń gbé fúláàsì kọfí tẹ̀ lé e kiri, á máa mi orí bí alángbá. "Òótọ́ ọ̀rọ̀, Alága. N ò rí àárọ̀ tó dára tó báyìí rí." Òjò lè máa rọ̀ lé àwọn méjèèjì lórí lọ́wọ́ o.

Ó yẹ kí n sọ bí irú ẹni báyìí ṣe dórí àga, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lè yé wa. Ní Gråvassdal, ilé tí wọn kì í ti í se ògógóró ò pọ̀. Tiwọn kì í ṣe ti ẹmu ọ̀pẹ o. Ṣúgà àti ìwúkàrà ni wọ́n ń rẹ sómi, tí wọ́n á gbé e kaná nínú yàrá abẹ́ ilé. Òfin ò gbà á, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé òfin ò gbà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa fèrèsé dé. Kọfí ni wọ́n ń bù ú mọ́. Wọ́n á ju owó ẹyọ kan sísàlẹ̀ ife, wọ́n á da kọfí lé e lórí títí ojú ò fi ní rí owó náà mọ́, wọ́n á wá da ògógóró sí i títí owó á fi tún hàn. Kò sí òṣùwọ̀n mìíràn. Ọmọ tó bá ti lè gbé fúláàsì láì já a sílẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún ìbò, Halvdan dìde láàárín gbọ̀ngàn ìlú, ó na ìka sí ẹnu ara rẹ̀. "Ètè mi yìí," ó ní, "láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ògógóró ò kàn án rí!"

Obìnrin kan lẹ́yìn bi í pé ṣé kò tilẹ̀ rí owó nínú ife rí ni.

"Owó? Nínú ife?" Halvdan la ojú bí ọmọ ọwọ́. "Kí ni owó ń wá nínú ife?"

Àwọn èèyàn yìí ti gbọ́ irọ́ olóṣèlú lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbọ́ èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà wọn ò lè gbà pé irọ́ ni. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé ẹni mímọ́ kan ti ń gbé láàárín àwọn látọjọ́ yìí. Ojú tì wọ́n, wọ́n sì dìbò fún un. Láti ọjọ́ náà, orí ètè gbígbẹ yẹn ni ìjọba rẹ̀ dúró lé. Ọjọ́ tí ètè bá tutù lójú ayé, ìjọba parí nìyẹn, òun alára sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ fi oyè ṣe ni pé ó kó ọlọ́pàá lọ sílé Sivert Moan, bàbá ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin tó fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ wàrà. Wọ́n gbé ìkòkò rẹ̀, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì ògógóró méjì, ogún lítà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún mú igò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń léfòó, èyí tí bàbá náà fi ń wọn bí ọtí ṣe le tó. Halvdan gbé ẹsẹ̀ kan lé kẹ́ẹ̀gì, ó ya fọ́tò bí ọdẹ tó pa ẹfọ̀n. Wọ́n ti gbogbo ẹrù náà mọ́ yàrá abẹ́ ilé ìjọba ìbílẹ̀, Sivert sanwó ìtanràn, ó sì lọ sílé.

Ẹ má tíì bi mí bóyá Alága alára ń mu ún tàbí kì í mu ún. Ohun tí mo lè sọ ni pé owó bàbà ńlá kan wà nínú àpò rẹ̀ nígbà gbogbo, ogún bàbá rẹ̀, tó ti dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ nítorí ìlò. Ó ní fún oríire ni òun ṣe ń mú un kiri.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2020, kòrónà dé. Wọ́n ti ilé ìwé, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sùn nílé orí òkè rẹ̀ lásìkò Àjíǹde, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé bí ẹni ní kí ará Norway má mí ni. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀ ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń ṣe báyìí, kí kálukú jókòó sílé rẹ̀. Sanitáísà wá di ohun tí èèyàn ń wá bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Lọ́jọ́ Túsìdeè kan, Nọ́ọ̀sì Borghild Aunmo, ọ̀gá ilé àwọn arúgbó, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Alága, mítà méjì gédégbé.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́. Igò mẹ́ta ló kù."

"Igò kí ni?"

"Sanitáísà. Arúgbó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lọ́wọ́ mi, ìyá yín sì wà nínú wọn. Tó bá fi máa di Mọ́ńdè, àwọn nọ́ọ̀sì mi ò ní rí nǹkan fi pa ọwọ́. Ilé oògùn ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Halvdan dìde. Ó fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n. "Nọ́ọ̀sì, ibi tó yẹ lẹ wá. Níwọ̀n ìgbà tí èémí bá ṣì wà nínú imú mi, tí ẹ̀jẹ̀ àwọn Brekkvoll sì..."

"Ẹ jọ̀ọ́, Alága, ẹ jókòó, mo ń gbọ́ yín. Mo ti rò ó. Ògógóró Bàbá Sivert wà lábẹ́ ilé yín níbí, ọlọ́pàá sì ti ní ká máa kó o. Ẹ jẹ́ ká bù ú, ká fi omi là á bó ṣe yẹ, ká kán gilisaríìnì díẹ̀ sí i kó má bàa bó èèyàn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni."

Halvdan fà sẹ́yìn. Kó fọwọ́ kan ohun tó ti fi bú gbogbo ìlú? Ṣùgbọ́n ó wo òkè àjà, ó sì rí ara rẹ̀ níbẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n. Ojú rẹ̀ tàn.

"Oddvar! Kọ ọ́ sílẹ̀. Èrò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. A ó mú ògógóró ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹn, a ó sì sọ ọ́ di ohun ìwẹ̀nùmọ́!"

"Alága! N ò gbọ́ irú ọgbọ́n báyìí rí."

"Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́," ni Borghild wí. Ògiri nìkan ló gbọ́.

"Ṣùgbọ́n ti omi yẹn," Halvdan ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ẹ yọ ọ́ kúrò. Omi kẹ̀? Ìdá mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ọtí yẹn. Ṣé kí wọ́n gbọ́ ní Oslo pé Gråvassdal ń lú nǹkan lómi bí oníwàrà burúkú? Bó ṣe le tó yẹn la ó ṣe pa á!"

"Tó bá le jù, wéré ló máa gbẹ, kò sì ní tíì pa kòkòrò kankan. Omi tẹ́ ẹ fojú di yẹn ló ń jẹ́ kó dúró ṣiṣẹ́. Ìdá ọgọ́rin ni wọ́n ní ká lò."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn elétò ìlera. Ní Oslo."

Halvdan jókòó. Lọ́jọ́ kejì, ìwé kan jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, ojú ewé mẹ́rin, àkọlé rẹ̀ ni "Èrò Alága Lórí Omi". Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi ò lọ́tàá, pé omi ni òun fi dàgbà, pé ẹni tó bá ń pa ọtí líle lásán láì fi omi là á, kò mọ sáyẹ́ǹsì, kò sì fẹ́ràn ìlú. Oddvar kà á sókè fún àwọn òṣìṣẹ́ lórí tẹlifóònù, omi sì ń dà lójú rẹ̀ bó ti ń kà á. Akọ̀wé kékeré kan bi í lẹ́yìn ìgbà náà pé kí ló pa á lẹ́kún. Ó ní gígùn ìwé náà ni.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè lọ sórí ìwé àlẹ̀mọ́ ara igò. Ẹ rántí pé igò mẹ́ta ló kù nílé arúgbó o, wọ́n sì ti ń di méjì. Ní ọ́fíìsì Alága, fọ́tò ni wọ́n ń yàn. Orúkọ ohun náà ni "Ọwọ́ Mímọ́ Brekkvoll", irinwó ni wọ́n tẹ̀. Fọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ láti irun Alága, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ẹ̀wọ̀n, kò sì ṣẹ́ ku àyè bí ìwọ̀n èékánná.

"Ibo lẹ kọ ọ́ sí pé kí wọ́n má mu ún?" Borghild béèrè lórí tẹlifóònù.

"Ibẹ̀ ni a fi ẹ̀wọ̀n sí, Nọ́ọ̀sì," ni Oddvar dáhùn.

"Oddvar. Gråvassdal la wà."

Oddvar ronú díẹ̀, ó sì fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn gbogbo irinwó náà pé ỌWỌ́ NI, KÌ Í ṢE Ọ̀NÀ Ọ̀FUN. Ó jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó nítumọ̀ tó ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì gbóríyìn fún un.

Alága ti pinnu pé òun fúnra òun ni yóò po èyí àkọ́kọ́, lójú gbogbo ayé, lórí ẹ̀rọ ayélujára, níwájú ilé àwọn arúgbó, lọ́jọ́ Fúráídeè ní agogo méjìlá ọ̀sán. Borghild bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Sivert wá fi igò tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ wọn ọtí náà, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bíi tiẹ̀.

"Ọ̀daràn? Nínú fídíò mi?" Halvdan fò sókè. "Kó dúró sójú títì. Kí wọ́n lè rí i pé mo láàánú, ẹ sọ fún un pé ó lè wò mí."

Nígbà tí Borghild rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn, ó mú jọ́ọ̀gì onígíláàsì ńlá kan wá, ó fa ìlà méjì sí i lára. "Alága, ẹ gbọ́. Ògógóró dé ìlà pupa. Omi dé ìlà dúdú. Ó tán."

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ kékeré lè ṣe é."

"Ìdí tí mo fi fa ìlà nìyẹn."

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Láìsí jígí lójú, Halvdan ò lè dá ìlà pupa mọ̀ yàtọ̀ sí ìlà dúdú, kò tilẹ̀ lè rí ìlà rárá. Oddvar sì ti sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé jígí ń bo ọlá ojú Alága. Orí tábìlì ilé ìdáná ni jígí wà nígbà tí ọkọ̀ Alága gbéra.

Ẹ wá wo ọjọ́ Fúráídeè náà. Yìnyín ṣì wà lẹ́bàá ọgbà, oòrùn sì ń ta lé e lórí. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kan lé e, èkejì wà nílẹ̀, wọ́n gbé jọ́ọ̀gì lé e, àti kẹ́tùlù omi tí wọ́n ti sè tó ti tutù. Oddvar dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú fúláàsì rẹ̀. Àwọn arúgbó kún ojú fèrèsé tí wọ́n ṣí díẹ̀díẹ̀, wọ́n bo ara wọn ní bùláńkẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó wá wo eré ìje. Ní fèrèsé ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni Màmá Oline Brekkvoll jókòó sí, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ìyá Alága, etí rẹ̀ ti kú díẹ̀ ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dá ṣáṣá. Sivert fara ti katakata rẹ̀ lójú títì. Àwọn yòókù wà nílé wọn, wọn ò sì ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Egbèje èèyàn ló ń wo fídíò náà. Kò sí àsọyé Halvdan kankan tó tíì rí ju èèyàn mọ́kànlá lọ rí.

Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ó dárúkọ àwọn baba ńlá, ó dárúkọ òkè, ó dárúkọ omi lẹ́ẹ̀mẹtàlélógún, Sivert ló kà á. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Òórùn rẹ̀ gbéra, ó wọ ihò imú rẹ̀, ojú Alága sì pa dé fúnra rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ojú ẹni tó gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ àtijọ́ láti yàrá kejì. Ó tún un ṣí kíá.

"Ó rùn," ó ní. "Ó ń rùn burúkú burúkú."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀, Alága," ni Oddvar wí, tó ti sún mọ́ ọn.

Ó gbé jọ́ọ̀gì. Ó wò ó. Kò rí ìlà kankan. Ó yí i sápá kan, ó yí i sápá kejì, gíláàsì kàn ń dán lójú rẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà òtútù mú un láàárín oòrùn. Egbèje ojú ń wò ó, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sì lè sọ fún ayé pé òun ò rí ìlà tí nọ́ọ̀sì fà fún òun bí ẹni fà á fún ọmọ iléèwé.

Bárakú kì í ṣe ohun tí ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ orí. Nígbà tí orí Halvdan ò mọ ohun tó máa ṣe mọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wọ àpò lọ, ó mú owó bàbà jáde, ó sì jù ú sínú jọ́ọ̀gì. Ó ró kíńkín. Ọwọ́ òsì gbé kẹ́tùlù, ó da omi lé e lórí. Halvdan tẹ orí wo inú jọ́ọ̀gì, ó ń retí kí owó pòórá.

Owó ò pòórá.

Ó da omi sí i. Owó bàbà náà kàn ń tàn sí i ni, ó tilẹ̀ tóbi sí i nínú omi, ojú ọba àtijọ́ tó wà lára rẹ̀ ń wo Alága láti ìsàlẹ̀. Ó dà á dé ìdajì. Ó dà á dé ọrùn. Owó ò lọ síbì kankan. Lórí ayélujára, gbogbo àfonífojì ti dìde dúró nínú ilé wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n wọn ò tíì gba ojú ara wọn gbọ́.

Ohùn kan wá ti fèrèsé ìsàlẹ̀ jáde, ohùn adití tó rò pé gbogbo ayé ló di etí.

"Halvdan! Kí lò ń ṣe yẹn? Kọfí ni! Ta ló ń fi omi bo owó?"

Ẹ̀yin náà ẹ ní ìyá. Ẹ mọ bí ẹnu ọmọ ṣe máa ń dáhùn kí orí tó gbọ́. Alága ìjọba ìbílẹ̀ Gråvassdal, ẹni ètè gbígbẹ, ò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

"Mo mọ̀, Màmá! Àwọn ni wọ́n ní omi ni kí n lò!"

"Àwọn wo? Wọn ò nírònú ni? Bàbá ẹ ò fi omi là á rí, ìwọ náà ò fi omi là á rí. Èyí tó o pò fún mi ní Kérésìmesì tó kọjá ńkọ́, ṣé omi lo fi là á ni?"

"Màmá, ti Kérésì yẹn, kọfí ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, mo ṣáà sọ fún yín pé..."

Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Ti Halvdan ò tilẹ̀ tó ọdún méjì, òtítọ́ náà ò sì rìn jìnnà, fèrèsé ìsàlẹ̀ ló ti wá. Sivert ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà katakata. Àwọn arúgbó gbà á. Nínú fídíò, obìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kìíní kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Kí ni owó ń wá nínú jọ́ọ̀gì?" Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ẹgbẹ̀ta èèyàn ti kọ ohun kan náà.

Halvdan wúkọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí sáyẹ́ǹsì lórí bàbà..." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó yọ owó náà, ẹ̀wọ̀n oyè sì há sí etí jọ́ọ̀gì. Bó ti nàró, jọ́ọ̀gì tẹ̀ lé e. Ó dúró níwájú egbèje èèyàn pẹ̀lú jọ́ọ̀gì tó so rọ̀ mọ́ ọn láyà, omi sì ń ṣàn wọ bàtà rẹ̀.

"Òótọ́ ọ̀rọ̀, Alága," ni Oddvar wí, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè sọ.

Borghild ló rìn jáde. Kò rẹ́rìn-ín, igò kan ṣoṣo ló kù fún un. Ó já jọ́ọ̀gì kúrò lọ́rùn Alága, ó fún un ní owó rẹ̀. "Ẹ sún sẹ́yìn, Alága. Mítà méjì." Lẹ́yìn náà ó kígbe sójú títì: "Bàbá Sivert, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde nílẹ̀, ẹ wá bá wa ṣe é!"

Sivert wá. Ó fọ ọwọ́, ó gba igò tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ tí ọlọ́pàá kó lọ́wọ́ Borghild, ó jù ú sínú ògógóró, ó wò ó bó ti ń léfòó, ó ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún pérépéré ni, ẹ̀rín sì yọ lẹ́nu rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó da omi sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń dà á, títí igò fi dúró lórí ọgọ́rin. Borghild kán gilisaríìnì sí i. Lítà ogójì di méjìdínláàádọ́ta kí agogo mẹ́ta tó lù. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí Alága fi yan fọ́tò, wákàtí méjì ló gba bàbá yìí.

"Bàbá Sivert," ni Halvdan wí láti mítà méjì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ má bínú."

"Halvdan, láti ìgbà tó o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti mọ̀ ẹ́, o ń gba ojú fèrèsé mi ra lítà kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe mímu ló dùn mí. Ẹsẹ̀ tó o gbé lé kẹ́ẹ̀gì mi yẹn ni."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìgbìmọ̀ ìlú ṣèpàdé lórí tẹlifóònù láti yọ ọ́. Wọ́n bi ara wọn pé ta ló fọwọ́ sí i. Ohùn tó kọ́kọ́ dé ni ti Oddvar. "N ò rí ìpinnu tó dára tó báyìí rí," ó ní. Ẹ̀wọ̀n náà padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ nínú àpò ìwé, wọ́n fi sanitáísà nù ún, wọ́n sì tì í mọ́ àpótí títí di ọjọ́ àjọ̀dún.

Ìwé àlẹ̀mọ́ irinwó náà ńkọ́? Kò sí òmíràn, wọ́n lò ó. Ojú Halvdan wà lára gbogbo igò nílé arúgbó, ní ilé ìtajà, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ pa ọwọ́ á kọ́kọ́ fún un lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọtí a máa bó tàdáwà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, imú ti lọ, ètè ti lọ. Nígbà tó fi máa di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀wọ̀n nìkan ló kù lára igò, kò sí ọrùn nínú rẹ̀.

Nínú oṣù kẹfà, wọ́n gbà kí àwọn èèyàn máa wọlé wá kí àwọn arúgbó wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Halvdan wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nínú súwẹ́tà lásán, jígí lójú. Láti oṣù kẹta, ara gíláàsì fèrèsé ló ti ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kí ìyá rẹ̀ lè gbé tirẹ̀ lé e láti inú, àárò rẹ̀ sì ti fẹ́ pa á. Borghild dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igò.

"Ẹ mú ọwọ́ wá."

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó fi pa ara wọn, ó gbé wọn súnmọ́ imú, ojú rẹ̀ pa dé díẹ̀ bíi tọjọ́sí.

"Ọgọ́rin ni," ó ní jẹ́jẹ́. "Ti Bàbá Sivert ni. Ó máa ń sè é lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa o."

Ẹnu rẹ̀ là bí ẹni tó fẹ́ ṣe àsọyé. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra lọ sí àyà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀ ju bó ti rò lọ. Láti yàrá ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n ń gbọ́ Màmá Oline tó ń béèrè lóhùn òkè bóyá Halvdan ti dé, nítorí kọfí ti gbóná, ife ti wà lórí tábìlì, owó ìsàlẹ̀ ife nìkan ló kù.

Halvdan ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì wọlé lọ bá ìyá rẹ̀.